Ilẹ̀ Tí Ẹsẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Kàn

Ọmọ àkọ́kọ́ ṣubú, àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ìkejì ṣubú lé e lórí, wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò dénú mọ́. Nígbà tí ìkẹta, ọmọbìnrin kan tó ga bí òpó, fò sókè láti gbá bọ́ọ̀lù kọjá àwọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì balẹ̀ tí wọn kò rí nǹkan dì mú, gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ bí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ṣe dún. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Màmá Dídán wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Òun ló ń tọ́jú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ìwé náà, ọmọbìnrin tó ṣubú yẹn sì ni ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó sáré wọlé láti gbé e, òun náà yọ̀, ó sì fìdí jókòó gbì láàárín gbọ̀ngàn, níwájú àlejò mẹ́fà tó wọ kóòtù, tí wọ́n wá wo bí àwọn ọmọ ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ilẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù ló gbé e ṣubú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ ní Màmá Dídán, nítorí ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn gbọ́dọ̀ dán. Ní ọdún méjì àbọ̀ sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn náà tán, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé pè é, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ kí ilẹ̀ yìí máa dán débi pé àlejò á máa rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń fi póláṣì lé póláṣì. Kò sì sẹ́ni tó ń tẹ ilẹ̀ náà tí póláṣì yóò fi ha, nítorí ọ̀gá àgbà ti gbé pátákó kan kọ́ sára ilẹ̀kùn: Ẹ MÁ WỌLÉ. ẸSẸ̀ KÒ GBỌDỌ̀ KAN ILẸ̀ YÌÍ. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn, ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Pápá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fi wáyà yí i ká, koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ẹyẹ nìkan ló ń jayé lórí rẹ̀. Ojú títì ni àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń sá fún ọkọ̀ àti alùpùpù.

Òkúta kan wà tí wọ́n rì mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ọ̀gá àgbà ti gbé ìkòkò òdòdó ńlá kan dí i, nítorí náà Màmá Dídán nìkan ló ń kà á, torí òun ló ń nù ún. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń wọ́ ìkòkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á nu òkúta, á kà á, á sì wọ́ ìkòkò padà: GBỌ̀NGÀN ÀTI PÁPÁ YÌÍ WÀ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́ ÀTI GBOGBO ARÁ ÀDÚGBÒ. Ó ti mọ̀ ọ́n sórí bí orúkọ bàbá rẹ̀, kò sì ṣe nǹkan kan sí i. Ohun tó ká a lára jù nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń fi símẹ́ǹtì funfun di ọwọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Màmá àgbà, ẹ má sunkún mọ́," ni ọmọ náà wí. "Ọwọ́ òsì ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù."

"Ta ló ń sunkún? Póláṣì ló wọ̀ mí lójú."

"Àtàárọ̀?"

"Orogún mi, ẹnu tìrẹ kò kán, àbí?"

Orogún ló máa ń pè é, nítorí bàbá àgbà ọmọ náà, kó tó dolóògbé, kò pè é ní nǹkan mìíràn ju ìyàwó mi lọ. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ó sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni òun yóò fi di olókìkí láyé.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, ọmọ náà dúró lójijì. "Màmá àgbà, wọ́n á ti gbọ̀ngàn yẹn pa torí èmi, àbí? Bí wọ́n bá tì í pa, a jẹ́ pé lásán ni ọwọ́ mi kán."

 Màmá Dídán di ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́kù mú, wọ́n sì rìn délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Ká má parọ́ mọ́ ọkùnrin náà, kì í ṣe ìkà. Ó kàn fẹ́ràn nǹkan tuntun ju ènìyàn tó máa lò ó lọ ni. Àga tó jókòó lé, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀, ọdún kẹrin rèé, bó bá sì ti mira báyìí, ọ̀rá á máa ké lábẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jókòó. Ọwọ́ ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti dì í, ọ̀gá."

"Ọlọ́run á wò ó sàn. Ṣé ẹ rí àwọn àlejò àná yẹn, àwọn ló kọ́ gbọ̀ngàn yìí fún wa. Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ìwé tó máa ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé." Ó ti bébà kan sí i níwájú. "Mo ti bá yín kọ ọ́. Kí ẹ kàn fọwọ́ sí i ló kù."

Màmá Dídán yọ awò ojú rẹ̀ nínú àpò, ó nù ún, ó sì kàwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gá àgbà wo aago. Ọ̀rá ké lábẹ́ rẹ̀.

"Níbí yìí, ọ̀gá, ẹ ní èmi ni mo dá póláṣì lé ilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi."

"Màmá, ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni."

"Níbí yìí ẹ̀wẹ̀, ẹ ní mo dá a lábàá pé kí wọ́n ti gbọ̀ngàn àti pápá pa títí láé, nítorí ààbò àwọn ọmọ. Ìgbà wo ni mo dá a lábàá?"

Ọ̀gá àgbà rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. "Oṣù mẹ́jọ ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ parí iṣẹ́ yín wọ́ọ́rọ́wọ́, ká jọ ya fọ́tò lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ. Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, òṣìṣẹ́ tí ọmọ ṣèṣe lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yín. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń já sí."

Ó mọ ibẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi gbá ilé-ìwé yẹn, ó sì ti rí àwọn tí wọ́n lé jáde tí ẹnikẹ́ni kò sin wọ́n dé géètì.

"Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sílé, ọ̀gá. Ojú àgbà ni mo fi ń kàwé."

Irọ́ ni. Ojú rẹ̀ ń rí abẹ́rẹ́ nínú yanrìn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà gbà á gbọ́, ó sì fún un di ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ náà, ọjọ́ póláṣì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀, ó ṣí agolo, ó kúnlẹ̀, ó ti àkísà bọ inú rẹ̀. Ìgbà tó na ọwọ́ tán ló rántí. Ó gbé àkísà sílẹ̀, ó sì fi èékánná ha ilẹ̀ níbi tí ọmọ ti ṣubú. Póláṣì bó wá bí ìda àbẹ́là, ó nípọn, ó pọ́n. Ó ha á títí kó tó kan pákó. Àádóje ọjọ́ Ẹtì ló wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ yẹn. Inú bí i gidigidi. Ó bí i sí ọ̀gá àgbà, ṣùgbọ́n ó bí i sí ara rẹ̀ jù, torí kò sí ọ̀kan nínú àádóje yẹn tó fi bi ara rẹ̀ léèrè pé ojú ta ni òun ń dán ilẹ̀ fún, ẹsẹ̀ ta ló sì máa tẹ̀ ẹ́.

Tíṣà eré ìdárayá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Tíṣà Fèrè ni wọ́n ń pè é nítorí fèrè tó fi ń kọ́ ọrùn lójoojúmọ́. Láti ìgbà tó ti dé ilé-ìwé náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fèrè yẹn ti dún nínú gbọ̀ngàn, lọ́jọ́ àwọn àlejò, kò sì dún pẹ́.

"Tíṣà, ọmọ mi," ni Màmá Dídán wí láìdìde, "bí a bá fẹ́ kí ilẹ̀ yìí máa di ẹsẹ̀ mú, kí la máa ṣe?"

"Ẹ máa ṣí gbogbo póláṣì yìí kúrò ni, Màmá. Omi gbígbóná, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe tóbi tó. Oṣù kan kò lè tó ẹnìkan."

"Ta ló ní ẹnìkan ló máa ṣe é?"

Tíṣà Fèrè wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Màmá, ọ̀gá á lé wa."

"Èmi ló máa lé. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìwọ kàn ń kọjá lọ, o rí ilẹ̀kùn tó ṣí, o sì wọlé. Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí, Màmá."

"Ó ń ba èmi náà. Mú búrọ́ọ̀ṣì wá lọ́la."

Nígbà tó ń lọ sílé, ó yà sí ilé kan tó kọjú sí wáyà pápá. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbébẹ̀. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni obìnrin yìí máa ń kó àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru rìn lẹ́bàá títì, nítorí dókítà ní kí wọ́n máa rìn, alùpùpù á sì máa gbá wọn létí aṣọ. Ìgbà mẹ́ta ló ti kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà pé kó jẹ́ kí àwọn máa rìn yí pápá ká.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣì ń fẹ́ pápá yẹn?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Màmá Dídán. Ọ̀gá yín ní a máa tẹ koríko pa. Koríko. Bí àwa bá kú, ó dájú pé koríko á wà."

"Ẹ kó àwọn ènìyàn yín wá lọ́la, aago méje. Kí oníkálukú mú garawa àti àkísà gbígbẹ dání."

"Àkísà kẹ̀? Ìrìn ni dókítà ní ká máa rìn."

"Ẹ ó rìn. Orí eékún ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rìn ná."

 Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé lọ wá garawa.

Wọ́n pé mẹ́rìnlélógún láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn arúgbó Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn òbí kan wà níbẹ̀, Tíṣà Fèrè kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ wá, Orogún sì gbé ọwọ́ kọ́rùn bí ọ̀gágun tó ti ogun dé. Màmá Dídán dúró láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó ti gbọ́ kó pàṣẹ rí, àfi fún ìgbálẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi. Omi kì í sùn lórí pákó. Ẹnìkan á fọ̀, ẹni méjì á máa nù ún lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má da omi sílẹ̀, ẹ rẹ búrọ́ọ̀ṣì. Ibi ìwọ̀n apá kan ni kí ẹ máa mú. Ẹni tó bá ba pákó mi jẹ́, èmi àti ẹ̀ ni."

"Ṣé pákó rẹ ni?" ni bàbá kan tó jẹ́ káfíńtà béèrè, ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Pákó wa," ó dáhùn. "Ẹ má ṣe jẹ́ kí n tún un sọ."

Wọ́n fọ̀ ọ́. Eékún àgbà ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, àwọn ọmọ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn náà sì ń fi àwọn ọmọ tí kò mọ àkísà á fún rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní bí òun bá ti mọ̀ pé báyìí ni eré ìdárayá ṣe rí, òun ì bá ti gba ẹ̀bùn nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tóun ti wọlé ọkọ. Omi garawa pọ́n bí omi ìpẹtà. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, ilẹ̀ tó ń dán bíi dígí ti di ilẹ̀ pákó lásán, ó ṣú díẹ̀, ó tutù lójú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́jú. Màmá Dídán bọ́ bàtà. Ó rìn dé abẹ́ àwọ̀n, ó wò yíká bóyá wọ́n ń wo òun, gbogbo wọn sì ń wò ó. Ó fò sókè, kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ó balẹ̀. Ilẹ̀ dì í mú.

Orogún ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ó fi ọwọ́ tó sàn gbá itan.

Iṣẹ́ díẹ̀ kù tí Màmá Dídán fẹ́ kí káfíńtà bá òun ṣe lára ilẹ̀kùn àti géètì pápá. Ó ṣàlàyé fún un létí. Káfíńtà wò ó, ó mi orí, ó sì lọ mú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá Dídán wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó lọ̀, ó gbálẹ̀ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, tí ilé-ìwé parí, ó ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn sílẹ̀ gbayawu. Tíṣà Fèrè to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí apá méjì. Nọ́ọ̀sì kó àwọn tirẹ̀ wọ pápá, wọ́n ń rìn yí i ká, wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn pé kí ẹni iwájú rọra. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì dúró sí géètì fún ìgbà díẹ̀, wọn kò gbàgbọ́. Màmá Dídán juwọ́ sí wọn. Wọ́n wọlé bí omi tó já.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ọ̀gá àgbà fi dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta ló ṣí ibí yìí?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ta ló fún yín láṣẹ?"

"Òkúta yẹn ni." Ó nawọ́ sí ara ògiri, níbi tí ọ̀rọ̀ inú òkúta ti hàn kedere. "Ẹ má wá ìkòkò òdòdó, mo ti gbé e síbi tí oòrùn wà. Ó ti fẹ́ kú níbi tí ẹ gbé e sí."

"Ìwé tí mo fún yín ńkọ́?"

Ó yọ ọ́ nínú àpò, ó fún un. Kò fọwọ́ sí ibi tí ọ̀gá àgbà fà sílẹ̀ fún un. Ó fa ìlà gbọọrọ kan kọjá lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a kọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: Ọ̀gá ní kí n máa dán ilẹ̀ fún àlejò, mo sì dán an. Èmi náà ṣe àṣìṣe, torí n kò béèrè nǹkan kan. Mo ti fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lò ó. Ó fọwọ́ sí ìyẹn, gàdàgbà.

"Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn," ó fi kún un. "Nọ́ọ̀sì mú un lọ fún wọn láàárọ̀."

Ojú ọ̀gá àgbà yí padà. "Kó gbogbo wọn jáde. Ìwọ ni mò ń bá wí. Kó wọn jáde, kí o sì ti ilẹ̀kùn yìí."

Bí ọ̀gá bá ti ń pe obìnrin tó tó bí i lọ́mọ ní ìwọ, ẹ mọ̀ pé àwíjàre ti tán lẹ́nu rẹ̀. Màmá Dídán ki ọwọ́ bọ àpò kejì. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbé àgádágodo lé kọ́kọ́rọ́ lórí.

"Ẹ tì í fúnra yín, ọ̀gá. Ní tèmi, ọwọ́ mi kò ní tì í mọ́."

Ọ̀gá àgbà yíjú sí ilẹ̀kùn. Irin tí àgádágodo máa ń kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ihò mẹ́rin tí ìṣó rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, káfíńtà ti dí wọn, ó ti ha wọ́n délẹ̀, Màmá Dídán sì ti fi póláṣì tó kù nínú agolo dán ojú wọn. Ibẹ̀ nìkan ló ń dán nínú gbogbo ilé náà.

"Iṣẹ́ rẹ ti bọ́," ni ọ̀gá àgbà wí. Ohùn rẹ̀ kò ga tó bó ṣe fẹ́ kó ga.

"Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, pé mo jẹ́ kí ọmọ gbá bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù. Èmi á fọwọ́ sí ìyẹn láìwo awò."

 Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ, ọdún mọ́kànlélógún kì í sì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń jù nù bí omi ìfọlẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, fèrè dún, Orogún sì ń ka àmì láti orí bẹ́ǹṣì, ohùn rẹ̀ bo ti gbogbo ènìyàn: "Mẹ́rìndínlógún sí méjìlá." Kò sẹ́ni tó ṣubú.

Ọ̀gá àgbà gbé ẹsẹ̀ láti wọlé lọ lé wọn fúnra rẹ̀. Pátákó ara ilẹ̀kùn ló dá a dúró. Wọ́n ti yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, Orogún sì ti fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ ọ́ gàgàrà: Ẹ WỌLÉ. Ẹ BỌ́ BÀTÀ ALÁWỌ SÍTA.

"Bàtà yín á ha pákó, ọ̀gá," ni Màmá Dídán wí, ohùn rẹ̀ tutù, bó ṣe máa ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ tó ń tọ́jú.

Ọ̀gá àgbà wo bàtà rẹ̀. Ó wo àgádágodo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò ríbi gbé e kọ́. Màmá Dídán kò dúró wo èyí tó máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ nínú méjèèjì. Ọmọ kan ti da omi mímu sílẹ̀ lẹ́bàá àwọ̀n, ó sì ní láti nù ún kí ẹnìkan tó tẹ̀ ẹ́.